Bí Mo Ṣe So Fáìlì Ojú Ọjọ́ 365 Pọ̀ Di Ẹyọ Kan

Ìlú Utqiaġvik wà ní ìpẹ̀kun àríwá Alaska. Títì kankan kò so ó mọ́ ìlú mìíràn. Láti nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. ARM, ètò ìwádìí ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní ibùdó níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ lè gba dàtà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ mọ bí otútù ṣe ń ṣe nínú òkùnkùn gígùn yẹn, ni mo bá gba ti oṣù keje 2018 sí oṣù kẹfà 2019.

Fáìlì NetCDF, irú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń tọ́jú dàtà, ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Orúkọ wọn rí báyìí: nsametC1.b1.20190101.000000.cdf. Mo fi open_mfdataset, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì púpọ̀ pọ̀ nínú xarray (irinṣẹ́ dàtà fún Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), tò wọ́n tẹ̀ léra. Iye ìlà tó jáde kò jìnnà sí 525,600 tó yẹ kó jẹ́ (ìlà kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ 365), ọkàn mi sì balẹ̀.

Àfìgbà tí mo ya àwòrán rẹ̀. Ìlà otútù rìn dé ọwọ́ ọ̀tún, ó sá padà sí òsì, ó tún gbéra, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí. Ọdún kan gbáko ti gun ara wọn lórí sínú ọjọ́ kan ṣoṣo!

Mo ṣí fáìlì méjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń ka àkókò láti 2019-01-01; nínú èkejì, láti 2019-01-02. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ń kà láti 0 dé 86,340, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0. Èmi ni mo kọ decode_times=False, torí mo rò pé iṣẹ́ á yá. Ohun tí mo fi ń sọ fún xarray ni pé kó kó nọ́ńbà nìkan, kó má wo ọjọ́ tí wọ́n ti ń kà á bọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo tún ní kó fo base_time àti time_offset, àkọsílẹ̀ àkókò méjì mìíràn tó wà nínú fáìlì, mo sì fi data_vars='minimal' sí i, kó má baà máa tún lat àti lon, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ibùdó náà wà, kọ sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà wá nà tààrà láti oṣù keje dé oṣù kẹfà.

Mo fi qc_temp_mean, àmì àyẹ̀wò tó wà fún otútù, yọ ìwọ̀n tí wọ́n ti sàmì sí pé kò dáa. Ó ku aago. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni gbogbo rẹ̀: nígbà òtútù, tí fáìlì bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru, aago mẹ́ta ọ̀sán àná ni ní Utqiaġvik. Mo yọ wákàtí mẹ́sàn-án kúrò kí n tó ṣírò otútù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi to_netcdf tọ́jú ẹ̀dà tuntun. Àwọn 365 àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fódà tiwọn, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.