Láti ẹnu ayálégbé dé orí tábìlì lọ́yà

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ní ibùdó ìrànwọ́ òfin ọ̀fẹ́ ni pé kí n gbọ́ ẹjọ́ ayálégbé tí onílé ti fún ní ìwé pé kó kó jáde, kí n sì tò ó sínú fáìlì tí lọ́yà lè fi ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kì í ṣe lọ́yà, mo sì ń sọ èyí kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀: èmi á gbọ́, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà tó ń bójú tó wa ló máa sọ ohun tí òfin wí. Mo tún fi dá a lójú pé àṣírí rẹ̀ kò ní kọjá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ ló kàn: tirẹ̀, ti onílé, ti ẹni tó ń bá onílé gbowó, àti àdírẹ́sì ilé. Mo wá gbogbo wọn nínú àkọsílẹ̀ wa kí n tó gbọ́ ìtàn kankan. Bí onílé yẹn bá ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa rí, a lè má lè gba ẹjọ́ náà rárá. Tí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí n tó wò ó, àṣírí tọ̀túntòsì ti wà lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń wá: ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé, ọjọ́ tí ìwé tẹ oníbàárà lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Èyí àárín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹjọ́ lè dúró lé, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ ni kíka ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo béèrè ẹni tó mú un wá, bóyá wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ni, tàbí orí fóònù ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo tún wò ó bóyá ìwé onílé ni àbí ìwé kóòtù. Ti kóòtù máa ń ní orúkọ kóòtù àti nọ́ńbà ẹjọ́, bí oníbàárà kò bá sì dáhùn lásìkò, adájọ́ lè dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá ti sún mọ́, mi ò dúró parí ọ̀rọ̀; mo dìde lọ bá lọ́yà lójú ẹsẹ̀.

Tó bá kan ìtàn, mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán láìdá a lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dun èèyàn tó ló ń fi ń sọ ọ́, kì í ṣe bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ń tò ó: "Kí ló wá tẹ̀ lé e? Ṣé ṣáájú owó tí ẹ san kẹ́yìn ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Mi ò fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹni tí a bá bi pé "Ṣé onílé kọ̀ láti tún òrùlé ṣe ni?" á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, "Báwo ni ilé ṣe rí?" ló ń mú àlàyé jáde. Ìbéèrè tó wúlò jù ló nira jù: "Kí ni onílé máa sọ nípa yín?" Ibẹ̀ ni gbèsè owó ilé ti ń yọjú, ó sì sàn kí lọ́yà gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ níwájú adájọ́.

Mo to gbogbo rẹ̀ sí òpó mẹ́rin lórí ìwé: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó rí i, ẹ̀rí. Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún un, mo sì ń kọ èwo ni èwo. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rí, mo kọ "kò sí"; bí mo bá fi í sílẹ̀ lófìfo, lọ́yà kò ní mọ̀ bóyá mo gbàgbé láti béèrè ni.

Mi ò gba ojúlówó ìwé lọ́wọ́ oníbàárà. Fótókọ́pì ni mo ṣe, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú àpò ìwé tí lẹ́tà náà bá wá, torí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ara rẹ̀ lè fi ìgbà hàn. Mi ò kọ nǹkan kan sára ojúlówó. Àwòrán ọ̀rọ̀ orí fóònù gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìṣáájú ìjà náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí a gé jáde kò lágbára. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má pa ohunkóhun rẹ́, àní èyí tí kò gbè é.

Kì í pẹ́ tí á fi béèrè pé, "Ṣé màá jàre?" Mi ò dáhùn ìyẹn, bó ti wù kí àánú ṣe mí tó. Àwọn kan a tún ní àwọn kò ní san owó ilé mọ́ títí onílé á fi ṣàtúnṣe. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyẹn lè sọ ẹjọ́ tó dára di ẹjọ́ gbèsè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pinnu, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti lọ́yà.

Ojú ìwé kan péré ni mo kọ síwájú fáìlì. Lókè pátápátá ni ọjọ́ tó sún mọ́ jù lọ, lẹ́yìn náà ohun tí oníbàárà fẹ́ gan-an, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ jà. Ẹlòmíràn kàn ń wá àyè díẹ̀ tí á fi rí ilé mìíràn ni. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ẹjọ́ gan-an ni mo ń kọ ojú ìwé yìí. Kí oníbàárà tó lọ, mo fún un ní ìwé kékeré tí mo kọ ọjọ́ tó máa padà wá sí, ìwé tó kù tó máa mú wá, àti nọ́ńbà tó máa pè bí ìwé tuntun bá tún dé.