Oògùn kan, orúkọ méjì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Paracetamol

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Sàgámù, agbára káká ni ẹ fi máa wọ ilé kan tí ẹ ò ní bá káàdì Paracetamol lórí firíìjì tàbí nínú pọ́ọ̀sì ìyá ilé. Oògùn dáadáa ni. Ẹni tó bá lò ó bó ṣe yẹ, kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ti mọ̀ ọ́n débi pé a kì í ka iye tí à ń lò mọ́. Díẹ̀ nìyí lára ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí ní kẹ́míìsì.

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ o. Màmá mi, ẹni ọdún 62, ti Ojúde Ọba dé pẹ̀lú ara ríro àti ọ̀fìnkìn. Wọ́n ń lo Paracetamol méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún ra oògùn ọ̀fìnkìn fún wọn ní Òkè-Ajé, wọ́n ń lo ìyẹn náà ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọjọ́ kẹta rèé, orí ò yéé fọ́ wọn, oúnjẹ ò sì wù wọ́n jẹ mọ́. Ṣé kí n ra èyí tó lágbára jù ú lọ?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ gba káàdì méjèèjì lọ́wọ́ màmá, kí ẹ yí ẹ̀yìn wọn síta, níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn ló ní Paracetamol 500mg nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀, a jẹ́ pé oògùn kan náà ni màmá ń lò lábẹ́ orúkọ méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Hóró 6 ti àkọ́kọ́ jẹ́ mílígíráàmù 3,000. Hóró 6 ti ọ̀fìnkìn jẹ́ 3,000 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀, 6,000. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá 4,000, ìyẹn hóró 8, láàárín wákàtí 24, ó sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 ó kéré tán sáàárín ìlò kan àti òmíràn. Ẹni tí kò tó kílò 50, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dá ṣáká, tirẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn yìí palẹ̀ nínú ara. Díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń di májèlé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan tó fi ń pa oró rẹ̀. Èròjà yẹn dà bí omi inú àmù: tí àwọn tó ń bù ú bá pọ̀ ju ẹni tó ń pọn ọ́n lọ, yóò gbẹ. Ìgbà náà ni májèlé á wá kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í sì í tètè hàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú lè máa ru, èèyàn lè máa bì, tàbí kó má ṣe é ní nǹkan kan rárá. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí abẹ́ ìhà ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, kí ojú àti ìtọ̀ tó wá pọ́n.

Torí náà, ẹ dá méjèèjì dúró, kí ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má retí kí ojú wọn pọ́n. Ẹni tó bá sún mọ́ Sàgámù, ọsibítù yunifásítì OOU wà níbẹ̀. Ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ẹ mú káàdì méjèèjì dání. Oògùn kan wà tó ń pa oró yìí, acetylcysteine lorúkọ rẹ̀. Láàárín wákàtí 8 sí ìgbà tí èèyàn lo àlòjù ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ náà, kéèyàn ṣì lọ ni. Epo pupa àti mílíìkì ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ìbátan yín bá sì fi oògùn ara ríro ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ acetaminophen sára ike rẹ̀. Paracetamol náà ni, hóró mìíràn nínú wọn sì jẹ́ 650.

Ìbéèrè: Ara ọmọ mi gbóná. Ọmọ oṣù 8 ni, kílò 8 ló wọ̀n. Ìgò Paracetamol olómi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé, wọ́n sì tún fún mi ní ìgò kékeré tí wọ́n fi ń kán an sọ́mọ lẹ́nu. Ṣé bákan náà ni màá ṣe wọn sí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ìgò ńlá, mílílítà 5 ní mílígíráàmù 120. Nínú ìgò kékeré, mílílítà 1 péré sábà máa ń ní 100. Bí ẹ bá wá bu mílílítà 5 nínú ìgò kékeré, 500 lẹ bù yẹn, odindi hóró àgbà kan, fún ọmọ kílò 8! Mílígíráàmù 10 sí 15 ni à ń lò fún kílò kan, nítorí náà ti ọmọ yín ò gbọdọ̀ ju 120 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ìgò kan ṣoṣo: mílílítà 5 nínú ńlá, tàbí 1 nínú kékeré, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ohun tí wọ́n kọ sára tiyín. Ẹ fi sírínjì tó bá a wá wọ̀n ọ́n, kì í ṣe síbí ìjẹun. Wákàtí 4 sí 6 ló ń wà láàárín, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ gbóná, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ẹ tún wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ má sì ra oògùn ọmọdé lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Ní 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yọ eyín ní kẹ́míkà olóró nínú. Ó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tí èèyàn bá ju Paracetamol méjì sínú ìkòkò, ẹran á tètè rọ̀. Òtítọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ohun tó ń dà nínú iná ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ rẹ́ ẹran yín wẹ́wẹ́, kí ẹ dé ìkòkò.

Ìbéèrè: Tí mo bá lo Paracetamol, ara mi á balẹ̀, tó bá dalẹ́ á tún gbóná.

Ìdáhùn: Kò lè pa kòkòrò ibà. Ara gbígbóná ló ń mú wálẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá sì ń mu ọtí lójoojúmọ́, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fi ẹnu kàn án mọ́.

Ìbéèrè: Mo máa ń da Alábùkún pọ̀ mọ́ ọn kó lè yá kíákíá.

Ìdáhùn: Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún. Aspirin máa ń ha inú. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ibuprofen, oògùn ara ríro mìíràn, náà lè dá ọgbẹ́ síni nínú, ó sì ń ni kíndìnrín lára. Ẹ mú oògùn kan ṣoṣo, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà lẹ́yìn tí ẹ lo Alábùkún tàbí Ibuprofen, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú yín nìyẹn, ẹ wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.