Bí a ṣe ń yan kúta lọ́jà Ìlọrin, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Ẹja odò la mọ̀ jù ní Ìlọrin; àrọ̀ àti epìyà ń wọlé láti Jẹ́bà, létí Odò Ọya. Kúta ní tiẹ̀, ẹja òkun ni, inú yìnyín ló ń bá dé Ọjà Ìpàta. Ẹni tó bá mọ bí ó ṣe ń dọdẹ nínú òkun, yíyàn án kò ní ṣòro fún un.

Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú ju tòkè lọ. Eyín rẹ̀ ò dọ́gba: àwọn kéékèèké mímú tò sétí ẹnu, àwọn ńlá ṣóńṣó wà nínú. Kúta kì í lépa ẹja kiri títí. Á dúró jẹ́ẹ́ lójú kan, torí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó rì. Bí ẹja kéékèèké bíi sáwà bá ti sún mọ́ ọn, á ta lù wọ́n bí ọfà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ò bá gbà, á gé e sí méjì, á sì padà wá kó ìyókù. Ojú ló fi ń dọdẹ, ohun tó ń dán ló sì máa ń fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókun pé kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọrùn.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ wo ẹ̀yìn. Lẹbẹ kan gígùn ló wà lẹ́yìn epìyà. Ti kúta jẹ́ méjì kúkúrú tó jìnnà síra wọn.

Ẹ tẹ ikùn rẹ̀. Bó bá rọ̀ nígbà tí ara yòókù le, tàbí tí yìnyín tó dì mọ́ ọn pọ́n fún ẹ̀jẹ̀, ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì. Ẹ fi sílẹ̀. Odidi tí kò ju gígùn apá lọ ni mo fẹ́ràn. Àwọn ńláńlá tó ń gbé níbi iyùn òkun, pàápàá ní Karibíànì, lè ní májèlé tí iná kì í pa: ẹja kékeré ló ń jẹ ẹ́ láti ara ewé òkun, kúta á jẹ ẹja náà, á wá kó jọ sára rẹ̀.

Nílé, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ fi aṣọ di orí rẹ̀ mú kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, torí eyín òkú kúta ṣì ń géni. Láti ìrù sí orí ni kí ẹ ti ha ìpẹ́ rẹ̀. Ẹ gé e nípọn tó ìka méjì, ẹ fi iyọ̀ àti ata pa á lára. Ọ̀rá ò pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà, bó bá pẹ́ nínú epo, á gbẹ táútáú. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ kó o sínú ọbẹ̀ ata nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ jinná.

Ẹ má da orí nù. Ẹ fi se omi ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, kí eyín má bàa bọ́ sínú àwo ọmọ.