Pọ́n-ùn 117 Tí Ìgbín Jẹ Mọ́ Mi Lọ́wọ́: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Hosta

Pọ́n-ùn 117 ni mo ná lórí hosta, ewéko kan tí a ń gbìn nítorí ẹwà ewé rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́wàá, mi ò sì rí ewé kan ṣoṣo tí kò ní ihò. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, inú túbọ̀ ń bí mi. Nítorí owó yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí ẹlòmíì má bàa ná tirẹ̀ síbi tí mo ná tèmi sí.

Manchester ni à ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé wa kọjú sí àríwá, òjìji ilé ló ń bò ó ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọmọ. Tòmátì kọ̀ níbẹ̀, róòsì kọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ilé màmá kan tí mò ń tọ́jú ni mo sì ti kọ́kọ́ rí hosta lábẹ́ igi. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, iṣan rẹ̀ tò gbọọrọ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ewé eéran ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú sì dé sí mi lójú. Hosta àti eéran ò bá ara wọn tan rárá o. Japan, Korea àti China ni hosta ti wá, ará Jámánì kan, Philipp Franz von Siebold, sì wà lára àwọn tó kó o dé Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1830. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ, mo gbọ́dọ̀ ní tèmi.

Oṣù kẹrin 2024 ni mo ra hosta márùn-ún, oríṣi mẹ́rin, pọ́n-ùn 64: Halcyon kan, Sum and Substance kan, Blue Mouse Ears kan, Undulata méjì. Mo gbin mẹ́rin sílẹ̀, mo fi Blue Mouse Ears sínú ìkòkò. Gbígbìn rẹ̀ ò ní wàhálà, ẹni tó bá ti gbin ewédú rí kò nílò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, àwọn Undulata ti di ajere. Ihò lára ihò, àwọn ewé kan ku iṣan nìkan. Mo kọ́kọ́ dá ẹyẹ lẹ́bi. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nígbà tí mo bá fi máa délé, ilẹ̀ ti mọ́, mi ò sì ń rí ẹnikẹ́ni nídìí ewé. Lóru ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo jáde ní aago kan. Ìgbín tí kò ní ìkarawun ló bo ibẹ̀! Mo ka 43 kí ó tó sú mi. Nílé, ẹni tó bá rí ìgbín lóru yóò yọ̀ pé ọbẹ̀ ti dé. Èyí tí mo rí yìí, omi ojú ló fẹ́ mú wá.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó. Téèpù bàbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, méjì, pọ́n-ùn 18. Irun àgùntàn tí wọ́n rún wẹ́wẹ́ láti fi yí ìdí ewéko ká, pọ́n-ùn 15. Mo tún ń tọ́jú èèpo ẹyin, mo ń gún un. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gungi, wọ́n sì gun téèpù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n kọjá sórí Blue Mouse Ears. Lẹ́yìn tí owó ti lọ tán ni mo tó kà á pé Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn ológbà ní ìlú òyìnbó níbí, ti dán téèpù bàbà, irun àgùntàn, èèpo ẹyin àti òkúta wẹ́wẹ́ wò lórí létúùsì ní 2018, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n dáàbò bò àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2018! Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á fún wa, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sára páálí pé ó ń lé ìgbín.

Bàbá kan ní àdúgbò wa fún mi ní oògùn ìgbín aláwọ̀ búlúù tó ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn látọjọ́ pípẹ́. Mo dúpẹ́, mi ò lò ó. Metaldehyde, májèlé tó ń pa ìgbín, ló wà nínú rẹ̀, ìjọba sì ti fòfin de lílò rẹ̀ níta ilé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2022, nítorí ewu rẹ̀ fún àwọn ẹyẹ àti ẹranko kékeré.

Oṣù kìíní 2025 ni mo gbọ́ nípa nematode, aràn tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ nínú páálí, ó dà bí gàrí tó rin. A ó pò ó mọ́ omi, a ó bomi náà sílẹ̀. Aràn yóò wọ inú ìgbín, yóò kó kòkòrò àìsàn ràn án, ìgbín yóò ṣíwọ́ oúnjẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò sì kú. Kì í ṣe ọmọdé tàbí ológbò ní nǹkan kan. Mo san pọ́n-ùn 20 lójú ẹsẹ̀.

Ibí gan-an ni wàhálà wà. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti móoru dé dígírì 5, kó sì máa lọ sókè, kí a tó lò ó. Páálí dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀ kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo ki tẹmọ́mítà bọ ilẹ̀: 3. Mo gbé e sínú fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata lílọ̀, ọkọ mi sì fajú ro.

Láràárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ kóòtù, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò. 3. 2. 4. 3. Atẹ́gùn tútù ò jẹ́ kó kúrò lójú kan. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó bàjẹ́, mo pe àwọn tó tà á fún mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gbé fóònù sétí. Wọ́n ní nǹkan ẹlẹ́mìí kì í padà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń tà á nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù báyìí, wọ́n ní oníbàárà ló yẹ kó mọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ilẹ̀ dé 6 ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí páálí ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Mo lò ó bẹ́ẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọ̀mùnú Undulata kọ́kọ́ jáde, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Mo ra òmíràn ní oṣù kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti kọ́gbọ́n: ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run ṣú ni mo lò ó, torí oòrùn ń pa á. Mo bomi sílẹ̀ ṣáájú, mo tún bomi sílẹ̀ lẹ́yìn. Agbára rẹ̀ ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà mo tún un ṣe ní ìparí oṣù karùn-ún. Lálaalẹ́ tí mo bá wà nílé, mo tún ń gbé tọ́ọ̀ṣì àti kọ́ńgọ́.

Ẹ wá wo Halcyon mi! Ó búlúù, ó nípọn, ihò kan péré ni mo rí lára rẹ̀ jálẹ̀ oṣù keje. Ẹ má fọwọ́ nù ún o, ìda tó wà lójú ewé ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn. Mi ò ní parọ́, ọ̀dá ìgbà ìrúwé 2025 ràn mí lọ́wọ́, ìgbín kò fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi náà sì pọnmi títí apá fi ro mí, nítorí hosta náà kò fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ.

Tí n bá tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, mi ò ní ra Undulata rárá. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ni ìgbín ń kọ́kọ́ lọ bá. Ewé tó nípọn bíi ti Halcyon àti Sum and Substance ni kí ẹ rà. Tí ewé bá pọ́n tó wó lulẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ẹ má hú u, ó sùn ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hú tèmi dà nù lọ́dún àkọ́kọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án mo fi ọ̀bẹ la Undulata kan sí mẹ́ta fún arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó bi mí bóyá a lè fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Mo ní mi ò tíì dán an wò, àti pé kó má jẹ́ kí ajá rẹ̀ jẹ ẹ́, nítorí ó ń ṣe ajá àti ológbò ní ibi. Àwọn ará Japan ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, urui ni wọ́n ń pè é.

Ìwé kan wà lára fìríìjì wa báyìí, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: «Má ra aràn kí ilẹ̀ tó dé 5.»