Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ìwé DBS fún Ẹni Tí Ń Wáṣẹ́ ní England

Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England tí ó ná owó ilé sórí ìwé DBS (ìwé ìjọba tí ó ń fi hàn bóyá ènìyàn ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀) tí kò wúlò fún iṣẹ́ tí ó ń wá.

Èkíní: ẹ má ra DBS lọ́wọ́ alágbàtà kí ẹ tó ríṣẹ́. Basic, ìyẹn DBS tí àyẹ̀wò rẹ̀ kéré jù, nìkan ni ẹni tí ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ lè fúnra rẹ̀ béèrè fún, £21.50 sì ni ìjọba sọ owó rẹ̀ dà ní oṣù Kejìlá 2024. Enhanced, èyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ jinlẹ̀ jù, ni ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ń fẹ́, àwọn tí ó fẹ́ gbà yín ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Arábìnrin kan kó tirẹ̀ wá fún mi wò lẹ́yìn tí alágbàtà ti gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. "Basic" hàn gàdàgbà lókè ìwé náà, ọ̀gá tí ó gbé e lọ bá kò sì ka ìlà kejì kí ó tó dá a padà.

Èkejì: bí Enhanced bá jáde, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Update Service, ètò orí ayélujára tí ó ń jẹ́ kí ọ̀gá mìíràn lè yẹ ìwé kan náà wò, kí ọjọ́ 30 tó pé.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ń bọ̀ láti ilé, fún físà yín, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbé fún oṣù 12 ó kéré tán láàárín ọdún 10 sẹ́yìn ni ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ọlọ́pàá.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tí wọ́n ti rí ìjà òfin rí. Àwọn kan a kọ "rárá" sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé ẹnìkan lórí WhatsApp ní kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, Enhanced a sì tú àṣírí wọn, irọ́ náà a wá burú ju ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ lọ. Àwọn mìíràn a sá fún iṣẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n sá fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ń wá iṣẹ́ ilé ìdáná níléèwé kan, nítorí caution (ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìgbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́) tí ọlọ́pàá fún un lórí ọjà tí ó jí ní ṣọ́ọ̀bù ní ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ti dàgbà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni caution irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í hàn mọ́ lórí Enhanced lẹ́yìn ọdún 6, òfin sì fún un láyè láti má mẹ́nu bà á. Iṣẹ́ ti lọ kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, ìjìyà tí wọ́n fún yín àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi pe Nacro tàbí Unlock, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń ran ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún ìmọ̀ràn.