Mọ́tò tí mo wé lẹ́ẹ̀mejì láìgba kọ́bọ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wé wáyà inú mọ́tò pọ́ǹpù omi kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ítà Òṣìn, l'Abẹ́òkúta. Wáyà kọ́pà, fáníìṣì, owó àwọn ọmọṣẹ́: àpò mi ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Oníbàárà ní mi ò mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ, torí mo ti fi Megger, ẹ̀rọ tó ń wò bóyá iná ń jò, wọ̀n ọ́n kó tó lọ, kò ní àléébù.

Nígbà tí mo tú u lẹ́ẹ̀kejì, mo rí lẹ́búlẹ́bú funfun níbi tí iná ti ń wọ kọ́íìlì, láàárín wáyà méjì tó fara kanra. Megger ò lè rí ìyẹn. Àárín wáyà àti ara irin ló ń wọ̀n. Partial discharge ni: iná kékeré tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wáyà, tó ń jẹ awọ wọn díẹ̀díẹ̀.

VFD, ẹ̀rọ tó ń pinnu bí mọ́tò ṣe máa yára tó, ló ń darí mọ́tò yẹn. Ó ń sọ 415 fóltì di nǹkan bí 587 fóltì DC, ó sì ń gé e wéréwéré. Bí wáyà tó ti VFD lọ sí mọ́tò bá gùn, iná á kọlu ẹnu mọ́tò, á ta padà, á sì lè tó 1,170 fóltì. Wáyà tiwọn gùn tó 40 mítà!

Mo wé e lẹ́ẹ̀kẹta, mo bó wáyà eriali sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́íìlì kó lè gbọ́ ariwo iná kékeré yẹn. Ṣóńṣó ńlá yọ lójú oscilloscope mi, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ sókè sódò. Mo gbé mọ́tò tuntun tí wọ́n ṣe fún VFD síbẹ̀: ṣóńṣó kan náà! Ariwo VFD fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì ti lọ.

Kí n lè dí ariwo VFD, mo ra fílítà tó ń dí gbogbo ohun tó bá wà lábẹ́ 400 MHz (MHz ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára gbọ̀n tó). Ojú oscilloscope dákẹ́ pátápátá. Inú bí mi, mo rò pé ẹni tó tà á fún mi rẹ́ mi jẹ ni. Odindi ọjọ́ kan ni mo tún lò kí n tó rí i pé 100 MHz ni oscilloscope tèmi lè rí dé. Ohun tí fílítà jẹ́ kó kọjá, ojú ẹ̀ ò tó o. Kí ẹ tó ra fílítà, ẹ wo ìyẹn. Olùkọ́ yunifásítì kan ló yá mi ní oscilloscope 1 GHz, ìyẹn 1,000 MHz.

Ó wá hàn kedere. Mọ́tò tuntun dákẹ́. Tèmi ń yọ ṣóńṣó: ọ̀kan ga, èkejì kúrú, nígbà mìíràn kò ní yọ rárá. Mo fi wáyà mítà mẹ́ta rọ́pò, gbogbo ẹ̀ lọ. Mo dá 40 mítà padà, wọ́n padà dé. Mo pàtẹ́wọ́!

Mo ní kí wọ́n ra fílítà mìíràn, irú èyí tó ń dín agbára ìkọlù iná kù, sẹ́nu VFD, mọ́tò sì ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, gígùn wáyà ni màá kọ́kọ́ bèèrè. Wọn ò tíì san owó ìgbà méjì àkọ́kọ́ fún mi.