Ẹ má fi òpin kan ṣoṣo dá ẹjọ́ James: àṣìṣe àwọn tó ń jiyàn lórí ẹ̀dá-ìtàn géèmù

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbá géèmù oníìtàn tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà, àwọn tí nọ́ńbà 18 ti PEGI, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún nílẹ̀ Yúróòpù, máa ń wà lára páálí wọn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni kí géèmù parí, kí èmi àti ẹlòmíì wá máa fà á: kí ló wà nínú ọkùnrin yìí gan-an? Kí lobìnrin yẹn ń wá? Ìdí nìyẹn tó fi ń ká mi lára báwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe ń ba ìjiyàn náà jẹ́, tí wọ́n tún ń náwó lé e. Mo máa tú àṣírí Silent Hill 2 àti Mass Effect 3 níbí, nítorí náà ẹni tí kò bá tíì gbá wọn, kó lọ gbá wọn ná.

Èkíní: ẹ̀ ń gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ ń dájọ́.

Lọ́dún 2001 ni Konami gbé Silent Hill 2 jáde. James Sunderland gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Mary ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ti pa láti ọdún mẹ́ta, ó sì wá a lọ sí ìlú Silent Hill. Òpin géèmù náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ ìró mọ́tò tó já sínú adágún, á ní James ti fẹ́ kú látilẹ̀. Ẹlòmíì á rí i tí James mú Maria, obìnrin tó jọ Mary bí ìbejì, kúrò nílùú, á ní ìyàwó tuntun lọkùnrin náà ń wá. Wọ́n á fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà!

Géèmù náà ń ṣọ́ wọn, kò kàn sọ fún wọn ni. Bí ẹ bá ń fi James sílẹ̀ nínú ọgbẹ́ láìtọ́jú rẹ̀, tí ẹ ń yọ ọ̀bẹ tí Angela, obìnrin kan tí James bá pàdé, fi sílẹ̀ wò lemọ́lemọ́, inú adágún lẹ ń sún mọ́. Bí ẹ bá ń tètè tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ ń wo fọ́tò àti lẹ́tà Mary, ó ṣeé ṣe kó jáde láàyè. Bí ẹ bá rọ̀ mọ́ Maria, tí ẹ ò jẹ́ kí nǹkan ṣe é, tí ẹ tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó sùn sí nílé ìwòsàn, Maria lẹ máa bá lọ. Ọwọ́ yín ló gbé ìfẹ́ ikú yẹn lé James lórí! Kẹ́ ẹ tó bá mi jiyàn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ yín kò lè yí ni pé James fúnra rẹ̀ ló fi ìrọ̀rí pa Mary, kì í sì í ṣe ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìjiyàn gidi wà. Ṣé àánú ni, àbí ìbínú, àbí ó ti rẹ̀ ẹ́? Mo lè fi òru mẹ́ta jókòó lórí ìyẹn.

Èkejì: ẹ má sanwó nítorí kẹ́ ẹ lè borí nínú ìjiyàn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Géèmù kan wà tí wọ́n ń gbé jáde lápá-lápá. Obìnrin kan nínú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbé ara lé, níbi tó ti ní "mo yàn án," pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san owó àwọn tó ń tètè rí apá tuntun gbà. Nígbà tí apá náà dé, wọ́n ti tún gbólóhùn yẹn ṣe: ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ló ṣì í. "Mo mọ̀ ọ́n" lobìnrin náà sọ. Mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ tí mo ti bá jà lórí rẹ̀.

Ẹ má ka àkópọ̀ ìtàn, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbá a.

Nínú àwọn géèmù kan, àmì ìfẹ́ tó ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà ń ka ẹ̀bùn tẹ́ ẹ fún ẹ̀dá-ìtàn ni. Kò sọ ìdí tó fi gbà á. Kó tiẹ̀ bá yín sùn, ìyẹn nìkan kò sọ pé ó fẹ́ràn yín.

Nígbà tí Mass Effect 3 jáde lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní àwọn Reaper, ẹ̀rọ ọ̀tá inú géèmù náà, ti gba ọkàn Shepard, ẹ̀dá-ìtàn tí à ń darí, pé inú orí rẹ̀ ni òpin náà ti ṣẹlẹ̀. Èmi náà gbádùn èrò yẹn gan-an. Nígbà tó di oṣù kẹfà, BioWare, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, gbé àfikún kan tó ń jẹ́ Extended Cut jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣàlàyé òpin náà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan ní ìyẹn gan-an lẹ̀rí pé wọ́n ti gba ọkàn rẹ̀. Bí ohun tó ta kò yín bá ti ń di ẹ̀rí yín, mi ò mọ ohun tí mo tún lè mú wá.

Ẹ padà sínú Silent Hill 2, kẹ́ ẹ máa ṣí lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ James wò bí eré ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa pòórá. Ẹni tó bá ṣàkíyèsí ibi tó ti pòórá, kó wá jókòó tì mí, ká jọ fà á.